Kí Ni Áńpù Yín Ń Wí?

Iṣẹ́ ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló gbà mí lọ́wọ́ tí ẹ kò fi rí mi láti ìjelòó. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu, nítorí ọ̀rọ̀ gìtá àti ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rẹ̀ sókè ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin. Ọ̀rọ̀ èdè ni yóò já sí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo yà síbi tí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ti ń dánra wò. Mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń ta gìtá fún wọn, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó káwọ́ lérí. Gìtá rẹ̀ wà lórí àga. Mo ní: "Àbúrò, kí ló dé tí o kò ta gìtá?"

Ó dìde, ó kí mi, ó ní: "Dókítà, áńpù ti bàjẹ́, sà. Ó ń pariwo."

Mo ní: "Irú ariwo wo?"

Ó ní: "Ariwo ṣáá ni, sà."

Ó wá ṣàlàyé fún mi pé àwọn ti gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn atúnrédíòṣe méjì. Èkíní tú u, ó pààrọ̀ nǹkan kan nínú rẹ̀, ó gba owó, ariwo náà kò lọ. Èkejì kò tilẹ̀ tú u rárá. Ó ní kí wọ́n lọ ra tuntun. Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ akọrin sì ti ń múra láti dá owó lé ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lórí. Ẹ sì mọ àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin: akẹ́kọ̀ọ́, aránṣọ, opó tó ń ta ẹ̀fọ́, olùkọ́ tí owó oṣù rẹ̀ kì í dé lásìkò.

Mo ní kí ó fi ẹnu rẹ̀ ṣe ariwo náà fún mi. Ojú tì í, ó rẹ́rìn-ín. Àwọn olóhùn kejì náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó ya ẹnu, ó ní: "Hùn-ùn-ùn-ùn."

Mo ní: "Ó tán! Kíkùn ló ń kùn. Ṣé ó ṣì ń kùn bí ẹ bá yọ wáyà gìtá kúrò nídìí áńpù?" Kò sí ẹni tó dán an wò rí. A yọ wáyà náà, áńpù dákẹ́ lọ́gán. A mú wáyà tí wọ́n fi ń so dùùrù mọ́ ẹ̀rọ, a fi so gìtá náà mọ́ áńpù, áńpù dákẹ́, gìtá sì dún ketekete. Nígbà tí a tú ẹnu wáyà gìtá, a rí i pé àwọn okùn wẹ́wẹ́ tó yí wáyà náà po lóde ti já kúrò níbi tí a jó wọn mọ́. Bí a ṣe fi lẹ́ẹ̀dì jó wọn padà nìyẹn. Owó tí a ná kò tó owó mọ́tò mi padà sílé.

Mi ò sọ ìtàn yìí kí ẹ lè yìn mí. N kì í ṣe atúnrédíòṣe. Gìtá tí mo sì ń ta kò kọjá ti ẹni tó kọ́ ọ nígbà tó wà ní yunifásítì láti fi pa àìsùn rẹ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọ tó gbọ́ Yorùbá yékéyéké, tí etí rẹ̀ mú débi pé bí olóhùn kejì bá yẹ̀ díẹ̀ yóò mọ̀, kò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ fún àwọn atúnrédíòṣe méjì ju "ó ń pariwo" lọ. Àwọn náà kò sì bi í léèrè. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Èmi sọ pé ẹni tó bá ní "ariwo ṣáá ni", ó ti dákẹ́ ná.

Èrò mi nìyí, mo sì fẹ́ gbè é lẹ́sẹ̀: nínú gbogbo irinṣẹ́ tí a lè fi mọ ohun tó ń ṣe áńpù gìtá, orúkọ ìró tó ń jáde nínú rẹ̀ ni àkọ́kọ́. Orúkọ wọ̀nyẹn sì wà nínú èdè Yorùbá ní rẹpẹtẹ. A kò nílò kí a dá wọn sílẹ̀. Kí a máa lò wọ́n ló kù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ohùn gìtá ṣe ń rìn. Àwa tí a ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ fònẹ́tíìkì máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé èémí ń ti inú ẹ̀dọ̀fóró bọ̀, tán-án-ná ń gbọ̀n, ẹnu àti imú sì ń fún ìró ní àwọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni gìtá oníná rí. Okùn rẹ̀ ń gbọ̀n lórí mágnẹ́ẹ̀tì tí a fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wé, èyí tí àwọn olórin ń pè ní píkọ́ọ̀pù. Gbígbọ̀n yìí ń dá iná kékeré sílẹ̀, tí kì í sábà tó volt kan. Iná kékeré yìí ń gba inú wáyà lọ sí áńpù. Apá àkọ́kọ́ áńpù ń gbé e sókè, ó sì ń fún un ní àwọ̀. Apá kejì ń fún un lágbára. Sípíkà ń sọ ọ́ di afẹ́fẹ́ tó ń gbọ̀n padà.

Ohun kan ló yẹ kí a mú níbẹ̀: ìdọ̀tí tó bá wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ipele tó kù ni yóò máa sọ ọ́ di ńlá. Ìdí nìyí tí wáyà tí kò níye lórí fi lè mú kí áńpù olówó gọbọi máa kùn bí ilé oyin. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí kò fi yẹ kí á tú inú áńpù kí á tó wo ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ẹ yọ wáyà gìtá. Bí ìró náà bá dákẹ́, ọ̀tá wà lóde: gìtá ni, tàbí wáyà, tàbí pẹ́dàlì ẹsẹ̀. Bí kò bá dákẹ́, ẹ yí fọ́lúùmù áńpù sílẹ̀ pátápátá. Bí ìró náà bá ń dín kù bí ẹ ti ń yí i, ibi tó ti ń wá wà ṣáájú fọ́lúùmù. Bí kò bá yí padà, ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ti pín oko náà sí méjì láìlo tọ́ọ̀ṣì tàbí ìrin ìtúnṣe kankan.

Ó wá ku kí á pe ìró náà ní orúkọ rẹ̀.

Èkíní: Ó ń kùn. Oyin ń kùn, eṣinṣin ń kùn, ènìyàn tí inú rẹ̀ kò dùn náà ń kùn. Kíkùn áńpù kò sì rí bákan náà nígbà gbogbo. Iná mànàmáná tó ń wá sí ilé wa ní Nàìjíríà ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí wáyà tàbí píkọ́ọ̀pù bá ń gbé e láti inú afẹ́fẹ́, ìró tó súnmọ́ ti okùn tó nípọn jù lára gìtá béèsì ni yóò máa dún, níbi tí a bá tẹ̀ ẹ́ ní ojú kẹta. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé inú áńpù gan-an ni àìsàn wà, pàápàá bí àwọn kàpásítọ̀ ńlá tó ń tún iná ṣe bá ti gbó, ìró náà sábà máa ń jẹ́ ìlọ́po méjì, ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìyẹn súnmọ́ okùn kẹfà gìtá, ojú kẹta. Èyí kì í ṣe òfin tí kò ní àyẹ̀sílẹ̀, nítorí ìró kan lè gbé òmíràn pọ̀n. Ṣùgbọ́n olórin tí etí rẹ̀ mú lè fi gìtá ọwọ́ rẹ̀ wá ìdí àìsàn. Ẹ kíyè sí i pé ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà yóò sọ fún yín pé 60 àti 120 ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ, nípa iná tiwọn. Bí ọmọ wa bá fi ìró tiwọn wá ìdí àìsàn níbí, yóò ṣìnà.

Bí ẹ bá dì mọ́ okùn gìtá, tí kíkùn náà dín kù, ẹ má fòyà. Ara yín ti di ara ààbò rẹ̀. Bí ẹ bá yí ara yín padà sí ọ̀nà mìíràn, tí ó dín kù, píkọ́ọ̀pù ló ń gbé e, pàápàá èyí tó jẹ́ ẹyọ kan. Bí ó ti wù kí a se ebòlò tó, kò ní ṣàì rùn ìgbẹ́. Píkọ́ọ̀pù ẹlẹ́yọ kan kò ní ṣàì kùn díẹ̀. Nítorí kíkùn yìí ni Seth Lover, tó ń ṣiṣẹ́ fún Gibson ní Amẹ́ríkà, fi so méjì pọ̀ ní 1955, tí ọ̀kan ń pa kíkùn èkejì rẹ́. Ẹ tún wo àyíká: ẹ̀rọ tó ń dín eré fáànù kù, ṣájà fóònù tí kò dára, iná gbọọrọ inú ilé, ínfátà olówó pọ́ọ́kú tí iná rẹ̀ kò lọ geerege. Gbogbo wọn ló lè mú kí áńpù máa kùn kíkan bí eṣinṣin inú ìgò. Bí ó bá sì jẹ́ pé áńpù kan àti ẹ̀rọ mìíràn ni a so pọ̀, tí ọ̀kan gba iná lára ògiri ọ̀tún, tí èkejì gba tirẹ̀ lára ògiri òsì, ẹ gbé méjèèjì sí ojú ihò kan náà kí ẹ sì tún tẹ́tí. Nígbà púpọ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń parí sí.

Èkejì: Ó ń ta. Gúgúrú ń ta nínú agbada gbígbóná, pá, pápá, pá. Áńpù tó ń ta bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ bá yí fọ́lúùmù, eruku ló wà nínú ibi tí ẹ ń yí. Ẹni tó bá mọ ọyẹ́ ilẹ̀ wa kò ní béèrè ibi tí eruku ti wá. Ẹ pa áńpù, ẹ fọ́n oògùn tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ iná sínú rẹ̀ díẹ̀, ẹ yí i lọ yí i bọ̀ ní ogún ìgbà, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi kẹrosíìnì tàbí epo mọ́tò sí i. Òmíràn eruku ni wọ́n yóò fà wá. Bí ó bá ń ta nígbà tí ẹ bá mi wáyà, ẹnu wáyà ni, tàbí ihò tí ẹ kì í bọ̀. Ihò yẹn a máa tú díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá ń yí gbogbo rẹ̀ láìdì í mú láti inú, ẹ ó já wáyà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá ń sọ tí-tí-tí, tí-tí-tí, tí ó sì dákẹ́, ẹ má dá áńpù lẹ́bi. Fóònù tó wà nítòsí ló ń bá wáyà sọ̀rọ̀. Ẹ gbé e jìnnà.

Ẹ̀kẹta: Ó ń hó ṣàà. Òróró àkàrà ń hó, òjò tó ń rọ̀ sórí páànù láti òkèèrè ń dún ṣàà. Gbogbo áńpù ló ń hó díẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ kò ti gbé apá àkọ́kọ́ sókè jù, tí ẹ sì rẹ fọ́lúùmù ìkẹyìn sílẹ̀, tàbí kí ẹ ti to pẹ́dàlì márùn-ún tẹ̀ léra. Ẹni tó bá ń pariwo sí etí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí ọ̀rẹ́ náà lè bá a sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún ẹlòmíràn, ariwo lásán ló ń dá sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: Ó ń ké fíì. Gbogbo ẹni tó bá ti lọ sí òde ìnáwó mọ igbe yìí, tí àwọn àgbà máa ń fọwọ́ di etí. Áńpù kò ṣàìsàn nígbà náà rárá. Ohùn tó jáde lára sípíkà ló tún padà wọ inú gìtá tàbí gbohùngbohùn, tí áńpù tún gbé e sókè, tí ó tún padà wọlé, bí ahesọ tó ń yí ládùúgbò títí tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó dá a sílẹ̀. Ẹ má dojú gìtá kọ sípíkà, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ dín agbára rẹ̀ kù. Bí ó bá sì ń ké bí ẹ tilẹ̀ fi ọwọ́ di okùn gìtá pinpin, wáyà inú píkọ́ọ̀pù ló ti tú tí òun fúnra rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ẹ̀karùn-ún: Ohùn rẹ̀ ti há. Akéwì tó kéwì mọ́jú, ohùn rẹ̀ á há. Áńpù náà lè há. Nígbà mìíràn a fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Orin rọ́ọ̀kì kò ní adùn láìsí i. Ṣùgbọ́n bí a kò bá fẹ́ ẹ, ẹ wo bátìrì volt 9 tó wà nínú pẹ́dàlì. Bí ó bá ti ń kú, ohùn á há, á sì máa já. Ẹ wo iná ilé: nígbà tí iná bá lọ sílẹ̀ tí gílóòbù ń pọ́n bí ẹ̀yinná, áńpù kò ní rí oúnjẹ jẹ tó. Ẹ wo awẹ́ pépà sípíkà: bí ó bá ya, yóò máa gbọ̀n járá-járá nígbà tí ẹ bá ta okùn tó nípọn. Bí ẹ bá fi ìka ọwọ́ méjì tì í jẹ́jẹ́, tí ẹ sì gbọ́ tí ń ha kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ nínú, wáyà àárín rẹ̀ ti jó tàbí ó ti yẹ̀. Háhá, jíjá, gbígbọ̀n, híha: ọ̀rọ̀ mẹ́rin fún ohun mẹ́rin. Ẹni tó bá pe gbogbo wọn ní "ariwo" ti da iyọ̀ mọ́ ṣúgà.

Ẹ̀kẹfà: Ó yadi. Kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ wo fọ́lúùmù tó wà lára gìtá fúnra rẹ̀. Mo ti rí ọ̀gá olórin tó gbàgbé ìyẹn. Ẹ wò ó bóyá wọ́n fi ohun ìtẹ́tí sílẹ̀ nínú ihò rẹ̀, nítorí ìyẹn a máa pa sípíkà lẹ́nu mọ́. Bí áńpù náà bá ní ihò méjì lẹ́yìn tí ohùn ń gba ọ̀kan jáde lọ sí pẹ́dàlì tí ó ń gba èkejì padà, ẹ fi wáyà kúkúrú kan so méjèèjì pọ̀. Bí ohùn bá padà, ìpẹtà ló wà nínú ihò náà. Bí fíúsì bá ti jó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí irú rẹ̀ gan-an. Ẹ má fi bébà fàdákà inú pálí sìgá tàbí okùn wáyà dí i. Fíúsì ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá gbé ère igi sí ipò ẹ̀ṣọ́, olè ló fẹ́ kó wọlé. Bí áńpù bá sì ti Amẹ́ríkà dé, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó tì í bọ iná: volt 120 ni tiwọn, tiwa ju 220 lọ.

Ó ku ọ̀kan, òun sì ni mo fi kẹ́yìn nítorí pé kì í pariwo. Iná ń gbé ènìyàn. Bí ẹ bá fọwọ́ kan okùn gìtá, tí ètè yín sì kan gbohùngbohùn, tí ẹ gbọ́ ṣín-ín ní ètè, ẹ dá iṣẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi ṣe ẹ̀rín. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1972, ní ìlú Swansea ní ilẹ̀ Wales, Les Harvey, tó ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ Stone the Crows, fọwọ́ kan gbohùngbohùn tí a kò so mọ́ ilẹ̀, ó sì kú lójú agbo. Lọ́dọ̀ wa, a máa ń rí àwọn tó ń ti bírò tàbí igi bọ inú ihò òkè lára ògiri kí púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè wọlé, a sì ń rí àwọn tó ń já ẹsẹ̀ kẹta dànù kí kíkùn lè dáwọ́ dúró. Lóòótọ́, kíkùn lè dáwọ́ dúró. Ẹsẹ̀ kẹta yẹn ni ọ̀nà tí iná burúkú ń gbà wọ ilẹ̀ lọ. Bí a bá dí i, ara olórin ni yóò gbà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a gbé sí ẹ̀yìn àgọ́ ìnáwó, tí kò sí ẹni tó ri irin mọ́lẹ̀ fún un, kò yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni kí ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà má ṣe tú áńpù onífáàfù. Àwọn kàpásítọ̀ inú rẹ̀ lè mú ju volt 400 lọ pamọ́ sínú lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ lára iná. Ibi tí agbára ojúlówó atúnrédíòṣe ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. N kò wá láti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ tó jẹ mí lógún.

Àwa olùfẹ́ èdè, mo fẹ́ bá ara wa wí díẹ̀. Bí a bá gbọ́ ẹ̀rọ tuntun, ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń ṣe ni pé kí a jókòó, kí a wá orúkọ gígùn fún un. Mo ti wà nínú irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, mo sì ti dá sí i. A lè fi ọ̀sán kan jiyàn bóyá "amóhùngbòòrò" ni kí á máa pe áńpù tàbí "agbóhùnrókè". Nígbà tí a bá fi jáde, olórin tó wà lẹ́nu ọ̀nà yóò ṣì pè é ní áńpù. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Èdè wa gba àlùbọ́sà, ó gba táyà, kò sì kú. Orúkọ ẹ̀rọ kọ́ ni ìṣòro. Ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe, tí ó ń dún, tí ó ń jìyà rẹ̀, ni ó yẹ kí a lè fi èdè wa sọ. Níbẹ̀ ni a sì ti lọ́rọ̀ jù.

Àwọn onímọ̀ èdè ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kíyè sí àwọn ọ̀rọ̀ aṣàfarawé-ìró inú Yorùbá, pé ohùn orí wọn kì í ṣe ohùn lásán. Ẹ pe "ròbòtò" kí ẹ sì pe "róbótó": ohun ńlá ni ohùn ìsàlẹ̀ ń yà, ohun kékeré ni ohùn òkè ń yà. Ẹ wá wo áńpù: kíkùn rẹ̀ wúwo, ó wà nísàlẹ̀, a ní hùn-ùn-ùn, igbe rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó wà lókè, a ní fíì. Èdè tó ń kọ ìró sílẹ̀ pẹ̀lú gíga àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, irinṣẹ́ ìwádìí ni. Ọ̀pọ̀ èdè tí a ń bọ̀wọ̀ fún kò ní irú rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn olóyìnbó ti ní ọ̀rọ̀ tiwọn fún gbogbo èyí, kí ni a ń da ara wa láàmú sí? Ẹ fi ẹnu yín pe ọ̀rọ̀ wọn náà wò: hum, buzz, hiss. Ẹ gbọ́ ọ? Ìró ni wọ́n fi ẹnu ṣe. Wọn kò lọ yá a níbikíbi. Ohun tí wọ́n gbọ́ létí ni wọ́n sọ lẹ́nu, tí wọ́n wá kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀rọ, tí ó fi di ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ọmọ wa tó ní "hùn-ùn-ùn" ṣe ohun kan náà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ojú ti tiwa.

Kí ló fa ojútì náà? A ti kọ́ ọ pé ohun tó bá jẹ mọ́ ẹ̀rọ, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń sọ ọ́. Bí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò bá sì tó, yóò dákẹ́. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí irú ètò bẹ́ẹ̀ ní 2022. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n wọ́gi lé e. N kò fẹ́ ṣe òṣèlú níbí. Mo kàn ń sọ pé ẹ̀gbẹ́ akọrin kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gba owó lọ́wọ́ opó nítorí ọ̀rọ̀ kan tí ọmọdé kò rò pé ó tó sọ.

Ẹ wo àwọn ọmọ Àyàn. Bí dùndún bá kọ̀ tí kò dún dáadáa, onílù kò ní sọ pé ìlù ń pariwo. Yóò ní awọ ti dẹ̀, tàbí ọsán ti já, tàbí òtútù ti mú un. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìtọ́jú tirẹ̀: ìlù tí òtútù mú, oòrùn tàbí iná ni à ń yá a sí. Gìtá oníná kì í sì í ṣe àjèjì nínú ilé yìí mọ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè wọ inú orin jùjú, òun ló sì jẹ́ kí gìtá àti ẹnu akọrin lè kojú ìlù púpọ̀ láìbò wọ́n mọ́lẹ̀. Nígbà tí King Sunny Adé fi gbé àwo Jùjú Music jáde ní 1982, gìtá àti gángan ti ń dá ara wọn lóhùn bí ìyá àti ọmọ. Ó wá yẹ kí ẹni tó ń tọ́jú gángan ní ọ̀rọ̀, kí ẹni tó ń tọ́jú gìtá sì yadi?

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ orin, kí ẹ tó kọ́ ọmọ ní okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ jẹ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe ìró áńpù tó ń kùn, èyí tó ń ta, èyí tó ń hó, èyí tó há. Ẹ̀yin atúnrédíòṣe, ẹ̀yin ọ̀gá wa, bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ wá, ẹ má tíì gbé ìrin ìtúnṣe, ẹ ní: "Kí ló ń wí? Ìgbà wo ló ń wí i?" Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá sí ara pálí tí ẹ ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ oníbàárà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi tó ń wá orí-ọ̀rọ̀ fún àpilẹ̀kọ, ẹ lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù wọn fún oṣù kan, kí ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ bá gbọ́. Mo dá yín lójú, ẹ ó pàdé èdè níbẹ̀ tí kò sí nínú ìwé atúmọ̀ kankan.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn pè mí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ní aago mẹ́wàá alẹ́. Mo ti ń múra àtisùn. Ó ní: "Dókítà, ẹ má bínú, sà, ilẹ̀ ti ṣú. Áńpù ò kùn mọ́ o, ṣùgbọ́n ó ń ta pá-pá-pá bí gúgúrú, nígbà tí mo bá yí ohùn kíké rẹ̀ nìkan. Fọ́lúùmù ò ta."

Mo ní: "Àbúrò, o ti tún un ṣe tán. Eruku ni. Lọ sùn."

Ire o.